Ẹ wo owó ńlá táwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń ná sórí sátífíkéètì tí iṣẹ́ wọn kò béèrè!

Bí kọ̀ǹpútà ọ̀gá bá yarí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ọ́fíìsì máa ń ké pè. Bí pírńtà bá gbé bébà mì, òun náà ni. Bí akápò bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń ṣe ségesège, bí ẹnì kan bá da tíì sórí láptọ́ọ̀pù, "Ẹnjiníà, ẹ dákun, ẹ bá wa wò ó" làwọn èèyàn á máa pariwo. Ọmọkùnrin náà, tàbí ọmọbìnrin náà, torí àwọn obìnrin ti ń pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí báyìí, á máa sáré láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ bí oṣù bá parí, tí kálukú ń wo fóònù rẹ̀ bóyá owó ti wọlé, tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ti awakọ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sátífíkéètì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á sọ fún un pé ohun tó dá a dúró sójú kan ni pé kò ní ìwé. Kì í ṣe ìwé HND tàbí ti yunifásítì o, ìyẹn ti wà nínú fáìlì nílé. Ìwé tí wọ́n ń sọ ni èyí táwọn iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ, àtàwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lókè òkun, máa ń fún èèyàn lẹ́yìn ìdánwò: A+, CCNA, Security+, ITIL, AZ-104 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn á rò pé nọ́ńbà mọ́tò ni wọ́n ń kà sí òun létí.

Ìdí tí ìwé wọ̀nyí fi ń dùn mọ́ àwọn ọmọ pólì nínú kò pamọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń fojú kéré HND láwọn ọ́fíìsì kan nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìdánwò A+ tàbí CCNA kì í bi èèyàn bóyá pólì ló lọ tàbí yunifásítì. Ẹni tó ní WAEC nìkan náà lè jókòó síbẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á gbé síwájú gbogbo wọn. Nídìí èyí, ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni owó á ṣe pọ̀ tó. Irọ́ gbuu ni.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀ ná. A+ yìí, tí ẹgbẹ́ CompTIA ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1993, ìdánwò méjì ni. Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín l'Ámẹ́ríkà, owó ìdánwò kọ̀ọ̀kan ti lé ní 250 dọ́là, ìyẹn ni pé kéèyàn tó gba ìwé náà, 500 dọ́là ti lọ, ká má tíì sọ owó lẹ́sìn. Ní oṣù karùn-ún, 2023, nígbà tí dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi 460 náírà ní báńkì, 230,000 náírà ni owó yẹn. Nígbà tó fi máa di 2024, tí dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà, owó kan náà ti di 750,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ sì fi sínú òfin lọ́dún 2024 yẹn, 70,000 náírà ni. Ẹni tó bá ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, bí kò jẹ, bí kò mu, bí kò wọ dánfó, á tó nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kó tó rí owó A+ san. Lóòótọ́, iye tí wọ́n ń gbà máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ wo iye tilẹ̀ rẹ̀ kó tó sanwó. Àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe máa dín in kù tó máa di owó mọ́ínmọ́ín.

Owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdún kan! Òun lẹlòmíì sì ń gbé lé orí ìwé kan torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbà á.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á rántí MCSE. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 títí wọ inú àwọn ọdún 2000, kò sí ìwé tí ariwo rẹ̀ tó tirẹ̀. Microsoft ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ gba ti Windows NT 4.0, ìdánwò mẹ́fà ló máa ṣe. Nígbà tí Windows 2000 dé, ó di méje. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó àti n'Íbàdàn ń kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó. Ẹni tó bá ti gbà á, tó bá ń rìn, ilẹ̀ kò gbà á mọ́.

Kò pẹ́ tí màgòmágó fi wọ̀ ọ́. Ìbéèrè ìdánwò bẹ̀rẹ̀ sí í jò síta, làwọn èèyàn bá ń kọ́ ìdáhùn sórí bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń há tábìlì, wọ́n sì ń yege láì fọwọ́ kan server rí láyé wọn. Àwọn òyìnbó gan-an fún irú wọn lórúkọ, "paper MCSE" ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tó jẹ́ pé orí bébà nìkan ni ìmọ̀ wọn wà. Nígbà tó di ọjọ́ 31, oṣù kìíní, 2021, Microsoft fúnra rẹ̀ ní òun kò ṣe MCSE mọ́, ó parí síbẹ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ nídìí rẹ̀, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. Àwọn tó ra orúkọ, orúkọ kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ìdí ìwé rárá, ìdí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ sí ni. Kó wá nǹkan bí ogún ìkéde iṣẹ́ tó jọ èyí tó wù ú, nílùú tó ti fẹ́ ṣe é gan-an, kó kọ orúkọ gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè sílẹ̀, kó máa fa ìlà sí i bí ẹni ń ka ìbò. Èyí tí ìlà rẹ̀ bá pọ̀ jù lọ, òun ni kó fowó lé. Bí èyíkéyìí kò bá ní ju ìlà kan lọ, iṣẹ́ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ìwé nìyẹn, ìrírí ni wọ́n ń wá. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni, dátà nìkan ló ná èèyàn. Ó wá yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ kì í ṣe é. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bi, ọ̀rẹ́ á sì dárúkọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ní, ṣé ó máa dárúkọ èyí tí kò ní ni?

Ẹ jẹ́ ká fi A+ yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọkùnrin kan ti lo ọdún mẹ́jọ l'Ọ́tígbà, àdúgbò Computer Village n'Íkẹjà, tó ń tú láptọ́ọ̀pù, tó ń pààrọ̀ ojú rẹ̀, tó ń fi lẹ́ẹ̀dì gbígbóná lẹ bọ́ọ̀dù. A+ kò lè kọ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan púpọ̀ nípa títú ẹ̀rọ. Àwọn oníbàárà tó ń gbé iṣẹ́ wá bá a kò sì béèrè A+ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Tó bá jẹ́ pé Ọ̀tígbà náà ló fẹ́ wà, kó fi 750,000 rẹ̀ ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì onítáì, tàbí tó ti ń múra láti rìnrìn-àjò, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ẹni tó ń ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ ní London tàbí Houston kò mọ Ọ̀tígbà, kò sì lè ti ibẹ̀ wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni. A+ ló máa bá a sọ̀rọ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ dá lórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, fóònù, pírńtà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èkejì dá lórí Windows àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ààbò, àti ìwà oníṣẹ́. Nínú 900, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 675 nínú àkọ́kọ́, kó gba 700 nínú èkejì. Ẹ má sì jẹ́ kí ti ìwà oníṣẹ́ yẹn yà yín lẹ́nu, wọ́n ń dán èèyàn wò lórí bó ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí kò ní jágbe mọ́ ọn, tí kò ní máa tẹ fóònù nígbà tí onítọ̀hún ń ṣàlàyé. Àwọn ẹnjiníà wa kan wà tó yẹ kí wọ́n ka apá ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ helpdesk bọ̀ fún bí ọdún mẹ́rin, tí lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ sì fi hàn bẹ́ẹ̀, kò ní ohun tó ń fi A+ ṣe mọ́. Kó fò ó, kó máa lọ sókè.

Ohun méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ sí i nípa A+. Èkíní, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fún èèyàn, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe tàbí kó ṣe àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ń kà mọ́ ọn. Àwọn tó gbà á kí ọdún 2011 tó wọlé nìkan ni tiwọn jẹ́ títí ayé. Èkejì, ìdánwò náà máa ń yí padà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 220-1101 àti 220-1102 ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 2025. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, 220-1201 àti 220-1202, ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ìwé kíkà àtijọ́ ṣì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, wọ́n sì ń dọ́wọ̀ọ́n lọ́wọ́ wọn bí ẹni ta tuntun. Kéèyàn wo nọ́ńbà ara ìwé kó tó dúnàá-dúrà.

Ti àwọn tó fẹ́ràn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò le púpọ̀ láti yàn. CCNA ti iléeṣẹ́ Cisco, tó ti wà láti 1998, ṣì ni ìwé táwọn báńkì àtàwọn iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa ń mọ̀ kó tó di pé wọ́n mọ òmíràn. Tẹ́lẹ̀, oríṣiríṣi CCNA ló wà, ti ààbò wà, ti wáyálẹ́ẹ̀sì wà, ó ń dà wọ́n lójú rú. Ní oṣù kejì, 2020, Cisco pa wọ́n pọ̀ di ìdánwò kan ṣoṣo, 200-301, wákàtí méjì, 300 dọ́là. Ó le o. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní wàràwàrà, kó má tíì sanwó. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé Cisco ń fún èèyàn ní Packet Tracer lọ́fẹ̀ẹ́, tó fi lè to odidi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì sínú láptọ́ọ̀pù kan láì ra wáyà kankan.

Àmọ́ bí a bá wo iṣẹ́ táwọn ọmọ IT ń ṣe nínú ọ́fíìsì lóòótọ́ lásìkò yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kúrò nínú yàrá server, ó ti lọ sọ́dọ̀ Microsoft lókè òkun. Í-meèlì ibẹ̀ ni, fáìlì ibẹ̀ ni, pásíwọ́ọ̀dù tí akápò gbàgbé yẹn gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Nítorí náà ló fi jẹ́ pé ẹni tó wà nídìí helpdesk tó fẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ kúrò lójú kan, ìwé Microsoft ni yóò ràn án lọ́wọ́ jù. AZ-900 ni ti ìbẹ̀rẹ̀, kì í kú, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í múni gba iṣẹ́. AZ-104 lèyí tó ní eegun nínú, ti àwọn alábòójútó ni. MD-102 sì wà fún ẹni tó ń bójú tó ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀kan náà láti ibi kan. 700 nínú 1,000 ni wọ́n fi ń yege.

Ibì kan wà táwọn èèyàn ti ń pàdánù. AZ-104 àti MD-102 kì í kọjá ọdún kan. Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ èyí máa ń sá, wọ́n rò pé lọ́dọọdún làwọn á máa san dọ́là. Rárá o! Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ilé ẹni, ohun tó sì wù ú ló lè ṣí wò. Wọ́n máa ń ṣí i sílẹ̀ nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà kí ìwé náà kú. Ẹni tó bá jẹ́ kó kú, ìbẹ̀rẹ̀ ló máa padà sí, á sì tún sanwó.

Ẹni tó bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó fi ITIL sọ́kàn. Àwọn ọmọ ẹnjiníà kan máa ń fi í rẹ́rìn-ín pé kò sí wáyà nínú rẹ̀, kò sí Windows. Òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀sùn oníbàárà sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, bí wọ́n ṣe ń yí nǹkan padà láì ba ti ẹlòmíì jẹ́, òun ló wà níbẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, èdè inú rẹ̀ sì ni wọ́n ń sọ lórí tábìlì helpdesk wọn lọ́hùn-ún. Nínú ITIL 4 Foundation tó jáde ní 2019, ìbéèrè ogójì ni, wákàtí kan, ẹni tó bá gba 26 ti yege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún kíkà rẹ̀.

Wàhálà wá wà nínú ọ̀rọ̀ Security+. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Maryland á tẹ ẹni láago, á ní, "Àbúrò, gbogbo ohun tó o bá ń ṣe, pa á tì, lọ gba Security+. Gbogbo wa níbí yìí ló ń fi í jẹun." Ẹ̀gbọ́n kò purọ́. Láti 2005 ni iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbé òfin kan jáde, wọ́n ń pè é ní 8570, pé ẹnikẹ́ni tó bá ń bójú tó ààbò kọ̀ǹpútà àwọn ológun gbọ́dọ̀ ní ìwé tí àwọn fọwọ́ sí, Security+ sì wà lára wọn. Òfin mìíràn, 8140, ti rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Maryland àti Virginia ló sì yí Washington ká, ibẹ̀ làwọn agbaṣẹ́ṣe ìjọba pọ̀ sí, ibẹ̀ làwọn ọmọ Yorùbá náà pọ̀ sí. Bí Security+ ṣe di ohun tí wọ́n ń dárúkọ níbi ìkómọ nìyẹn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kì í sọ lórí fóònù ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè kéèyàn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì yẹ ìgbésí ayé rẹ̀ wò fínnífínní. Ìwé náà l'Ékòó kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìyẹn. Ẹni tó fẹ́ fi ààbò kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọjọ́ iwájú, kó gbà á, ìmọ̀ gidi wà nínú rẹ̀, 750 nínú 900 ni wọ́n fi ń yege. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ pé pírńtà àti pásíwọ́ọ̀dù ló ń bá yí, tó gbà á nítorí ìròyìn Maryland, á kàn fi í sínú fáìlì ni, á sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Kò tán síbẹ̀ o. Ìlànà jíjókòó ṣe ìdánwò gan-an ní tirẹ̀. Èèyàn lè ṣe púpọ̀ nínú wọn nílé báyìí, kámẹ́rà á máa wò ó. Tábìlì gbọ́dọ̀ mọ́ foo, kò gbọdọ̀ ka ìbéèrè sókè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọlé. Nílé tí wọ́n ń gbé lójú kan náà pẹ̀lú àwọn ayálégbé mẹ́fà, tí ọmọ kékeré lè ṣílẹ̀kùn kó ní "Bọ̀dá, màámi ní kí ẹ wá," ewu ń bẹ. Bí iná bá lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì já, wàhálà mìíràn nìyẹn. Kí onítọ̀hún wọkọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò tó súnmọ́ ọn, ó sàn jù.

Àwọn tó ń ta expo ṣì wà káàkiri, wọ́n ní bí èèyàn bá há 300 ìbéèrè, ó ti yege. Àwọn tó ni ìdánwò lágbára láti gba ìwé padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ọn, wọ́n sì lè ní kó má ṣe é mọ́. Èyí tó tiẹ̀ tún yára jù ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, ó yá." Bákan náà lẹ ó rí àwọn tó ní káwọn èèyàn kó náírà wá, àwọn á bá wọn fi káàdì dọ́là sanwó ìdánwò. Irú wọn pọ̀ sí i láti 2022, nígbà táwọn báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Olóòótọ́ wà nínú wọn, gbájúẹ̀ náà wà. Kí orúkọ ẹni tó jáde nínú àkáǹtì ẹni lọ́dọ̀ àwọn tó ni ìdánwò, kéèyàn tó fowó ṣọwọ́.

Ẹni tí kò bá rówó rárá, kì í ṣe pé kó káwọ́ lérí. Ẹ̀kọ́ Microsoft Learn, ọ̀fẹ́ ni. Google náà ní ẹ̀kọ́ IT support tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 lórí Coursera, ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ìjọba àpapọ̀ sì dá ètò 3MTT sílẹ̀ ní 2023, lábẹ́ mínísítà Bọ́sún Tìjání, láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kò dà bíi CCNA lójú agbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n kọ́ṣẹ́ dáadáa á dín iye owó tó máa ná sórí lẹ́sìn kù.

Èyí tó tiẹ̀ dùn jù ni pé kí ọ́fíìsì sanwó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló ń ṣe é, àwọn òṣìṣẹ́ ni kì í béèrè. Kéèyàn kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kó dárúkọ ìwé kan péré, kó sọ iṣẹ́ ọ́fíìsì tó máa fi ṣe, kó fi iye rẹ̀ sí i. Wọ́n á fẹ́ kó fọwọ́ sí àdéhùn pé òun kò ní kúrò láàárín àsìkò kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á dá owó náà padà. Kó kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí wọ́n bá ní ọdún méjì, kó béèrè bóyá ọjọ́ tó fọwọ́ síwèé ni wọ́n ti máa kà á, tàbí ọjọ́ tó yege ìdánwò, torí oṣù mẹ́fà lè wà láàárín méjèèjì. Kó sì béèrè bóyá gbogbo owó náà ló máa dá padà bó bá ku oṣù kan péré, tàbí kí wọ́n máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ bí oṣù bá ṣe ń lọ. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sí méjèèjì sínú ìwé náà kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.